Lẹ́yìn Ìró Àgbá: Ètò Ààbò àti Ìdúróṣinṣin Ìlú Èkó, 1851 sí 1872

Àṣamọ̀

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà sí ààfin. Ìdí tí wọ́n fi jà ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ti jiyàn lé lórí. Ohun tí ó tẹ̀lé ogun náà ni àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò: irú ètò ààbò tí wọ́n ṣe fún ìlú, ẹni tí ètò náà dáàbò bò, àti ibi tí ó kù sí. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì tí Èkó fara rọ díẹ̀ láàárín ogún ọdún yìí, ìdúnàádúrà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ni ó mú un wá. Ìgbà tí ó jẹ́ pé agbára ìbọn nìkan ni wọ́n gbára lé, ìjà tuntun ni wọ́n ń bí.

Ìfáàrà

Bí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè bá fi ogun lé ọba kan kúrò tí wọ́n sì fi òmíràn jẹ, iṣẹ́ tí ó kù nílẹ̀ máa ń ju ogun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹnì kan ní láti ṣọ́ ìlú. Ẹnì kan ní láti san owó àwọn tí ń ṣọ́ ọ. Wọ́n sì ní láti mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí ọba tí wọ́n lé àti sí àwọn ènìyàn rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò kú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò gbàgbé.

Lórí ọ̀rọ̀ Èkó, àríyànjiyàn pọ̀. J. F. Adé Àjàyí kò gbà pé àánú ẹrú nìkan ni ó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá. Ó tọ́ka sí èrè òwò àti ìfẹ́ láti ní ẹnu ọ̀nà sí àárín ilẹ̀ Yorùbá. Robert Smith, nínú ìwé rẹ̀ lórí ọdún mẹ́wàá tí àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi wà ní Èkó, ka ìlàkàkà láti pa òwò ẹrú run sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. A. G. Hopkins wo ọdún 1861 ní tirẹ̀, ó sì fi hàn bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, gbèsè àti ohun ìní àwọn oníṣòwò ṣe ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé orí gbígba ìlú náà pátápátá. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe pàtàkì. Síbẹ̀, ìbéèrè lórí ìdí ogun yàtọ̀ sí ìbéèrè lórí àbájáde rẹ̀. Ènìyàn lè fi inú rere dá sí ìjà onílé kí ilé náà sì wó. Ó sì lè jẹ́ èrè tirẹ̀ ni ó ń wá kí ilé náà dúró. Nítorí náà, ohun tí a ṣe lẹ́yìn ogun ni a ó gbé lé ìwọ̀n níhìn-ín.

Ògiri Tí Ó Lanu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri Èkó ti lanu kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ní 1841 ni Akítóyè gorí oyè. Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọba Òṣìnlókun, tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n Akítóyè, gbà pé òun ni oyè tọ́ sí. Ó ti wà ní àjò nígbà náà, nítorí ìkùnsínú ńlá wà láàárín òun àti Elétù Òdìbò, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tí ohùn wọn lágbára jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ìfọbajẹ. Akítóyè fẹ́ parí ìjà ẹbí. Ó ránṣẹ́ pe Kòsọ́kọ́ wálé láìka ìkìlọ̀ Elétù Òdìbò sí. Ní 1845, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Ogun Olómirò. Elétù Òdìbò kú nínú rẹ̀, Akítóyè sì sá lọ sí Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ ni ó ti lọ fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì.

Ìjà ẹbí ni èyí ní ìpìlẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ní àwọn olówò ẹrú lẹ́yìn. Tinúbú, obìnrin oníṣòwò tí ó ti Akítóyè lẹ́yìn gbágbágbá, ta ẹrú bí àwọn alátìlẹ́yìn Kòsọ́kọ́ ti ń tà á. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé Akítóyè, nígbà tí ó wà ní àjò, rí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọba tí yóò ṣe ìlérí láti fi òpin sí òwò náà, ó sì ṣe ìlérí. Àwọn míṣọ́nárì tí ó wà ní Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta gbè é lẹ́yìn. Samuel Àjàyí Crowther lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1851, ó sì bá Palmerston àti Ọbabìnrin Victoria sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, ogun Dàhòmì kọlu Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé e padà. Lójú àwọn míṣọ́nárì àti John Beecroft, tí í ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo etíkun náà, ààbò Abẹ́òkúta àti ọ̀rọ̀ Èkó ti di ìkan náà.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà. Àwọn ará Èkó lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá, wọ́n padà wá pẹ̀lú agbára tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìró àgbá wọn ni àwọn ènìyàn fi sọ ogun náà ní Àgídìngbì. Òṣódì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, ti ṣe odi àti yàrà sí etí omi; ọkọ̀ Teaser fi ara gúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ìjà náà sì le. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 16 ni ó kú, 75 sì fara gbọgbẹ́. Iye òkú àwọn ará Èkó kò sí nínú ìṣirò yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ lọ.

Àdéhùn Ọdún 1852 àti Ohun Tí Kò Sí Nínú Rẹ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú ọkọ̀ ogun Penelope. Ó gbà láti pa òwò ẹrú rẹ́, láti fi òpin sí fífi ènìyàn rúbọ, láti jẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣòwò fàlàlà, àti láti dáàbò bo àwọn míṣọ́nárì. Bí òwò ẹrú bá tún yọjú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè lo agbára láti dá a dúró.

Bí a bá ka àdéhùn yìí gẹ́gẹ́ bí ìwé ètò ààbò, ohun kan hàn gbangba. Ó sọ ẹni tí ọba gbọ́dọ̀ dáàbò bò: oníṣòwò àjèjì àti míṣọ́nárì. Ṣùgbọ́n kò fún ọba ní ọmọ ogun kankan tí yóò fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn jagunjagun tí ó ní ọkọ̀ àti ìbọn ní Èkó ti bá Kòsọ́kọ́ lọ. Ọba tí ó wà lórí oyè wá di ẹni tí ó ní ojúṣe púpọ̀ tí agbára rẹ̀ sì kéré. Beecroft fúnra rẹ̀ ń gbé ní erékùṣù Fernando Po, tí ó jìnnà sí Èkó. Òun tí ó kù láti ṣọ́ Akítóyè ni ọkọ̀ ogun tí ń lọ tí ń bọ̀ lórí òkun.

Ọkọ̀ ogun náà kò sì ṣeé gbára lé ní gbogbo ìgbà. Ní ẹnu ibi tí ọ̀sà Èkó ti pàdé òkun, iyanrìn ga lábẹ́ omi, ìgbì sì le lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá. Àwọn kéékèèké tí ó lè kọjá pàápàá gbọ́dọ̀ dúró de omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọlu Èkó láti orí ọ̀sà pẹ̀lú ọkọ̀ àjẹ̀ kò nílò láti dúró de ohunkóhun. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Èkó, omi tẹ́ lọ gbalaja.

Ọba Ààfin àti Ọba Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí, lórí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àṣẹ Awùjalẹ̀. Kì í ṣe ìsáǹsá lásán ni ó ṣe síbẹ̀. Ó ní ìjòyè, ó ní ọmọ ogun, ó sì ń ṣòwò gba etíkun Palma àti Lẹ́kí. Àwọn tí ó tẹ̀ dó pẹ̀lú rẹ̀ pọ̀ débi pé títí di òní, Ẹ̀pẹ́ mọ ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀ sí ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Bí a bá sọ ọ́ ní ṣókí, ogun 1851 kò pa ìjọba Kòsọ́kọ́ run. Ibùdó rẹ̀ ni ó yí padà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853, àìlera ètò náà hàn síta. Àwọn ìjòyè kan nínú Èkó ṣọ̀tẹ̀ sí Akítóyè, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sì wọ ìlú láti Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lé wọn padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, Akítóyè wàjà. Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó ní oṣù Keje, sáré fi Dòsùnmú ọmọ Akítóyè jọba kí ìròyìn ikú tó tàn kálẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Nínú ètò ìfọbajẹ Yorùbá, kì í ṣe adé nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di ọba. Ifá ní láti sọ̀rọ̀, àwọn ìjòyè ní láti fohùn ṣọ̀kan, ìlú sì ní láti rí i pé wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Àkókò tí ó máa ń gùn yìí ni ìdíje máa ń jáde sí gbangba tí wọ́n sì máa ń pẹ̀tù sí i. Ìkánjú Campbell dènà ogun alẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ó mú ohun tí ì bá so ọba tuntun mọ́ àwọn ìjòyè rẹ̀ kúrò. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Èkó mọ̀ pé ilé aṣojú òyìnbó ni gbòǹgbò oyè Dòsùnmú wà. Ọba tí gbòǹgbò rẹ̀ bá wà ní ibòmíràn kò lè kọ ohun tí ẹni tí ó gbìn ín bá béèrè.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni Campbell fúnra rẹ̀ wá rí i pé ọkọ̀ ogun nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní kọlu Èkó mọ́, òun kò sì ní ta ẹrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé Palma jẹ́ èbúté tirẹ̀, tí ó lè máa gba owó ibodè níbẹ̀, wọ́n sì ṣètò owó ọdọọdún fún un.

Dòsùnmú kò lè fi inú dídùn gba àdéhùn yìí, nítorí ó fi ìdí ọba kejì múlẹ̀ lórí ọ̀sà kan náà, ó sì dá owó tí ì bá wọ Èkó gba Palma lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun láàárín Èkó àti Ẹ̀pẹ́ rọlẹ̀. Ohun tí àgbá kò lè ṣe ní ọdún mẹ́ta, ìwé àti ìjókòó ṣe é. Ẹ̀rí yìí ni ó lágbára jù lọ pé ẹni tí a ṣẹ́gun kò lè wà lẹ́yìn odi títí ayé. Bí a kò bá fún un ní ohun tí yóò máa ṣọ́, yóò máa wá ohun tí yóò bàjẹ́.

Ààbò Ta Ni? Ọ̀rọ̀ Tinúbú

Nígbà tí ọ̀tá òde rọlẹ̀, ìtumọ̀ ààbò yí padà nínú Èkó. Àwọn Sàró láti Sierra Leone àti àwọn Àgùdà láti Brazil àti Cuba ti ń padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun kó tàbí ọmọ àwọn tí ogun kó. Wọ́n mọ ìwé, wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń díje nínú òwò. Aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ka ààbò wọn sí iṣẹ́ rẹ̀.

Tinúbú rí ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà mìíràn. Ó ti ṣe wàhálà fún Akítóyè. Ó sì gbà pé òun ní ẹ̀tọ́ sí ohùn tí ó rinlẹ̀ ní ààfin ọmọ rẹ̀. Agbára àwọn àjèjì àti àwọn tí ó ń bọ̀ láti òkè òkun ń pọ̀ sí i lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ àwọn oníṣòwò kan ní gbèsè. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tí wọ́n so mọ́ ọn, Campbell fúngun mọ́ Dòsùnmú títí ọba fi lé e kúrò ní ìlú ní 1856.

Ní ti ìwé ìjọba, ìdí tí wọ́n fi lé e ni àlàáfíà ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé yìí kì í ṣe ọ̀tá ètò tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbé Akítóyè ró. Ó lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí Dàhòmì tún kọlu ìlú náà ní 1864, ó kó ipa pàtàkì nínú ìgbèjà rẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá sì fi oyè Ìyálóde dá a lọ́lá. Ohun tí Èkó pè ní ewu ni Abẹ́òkúta sọ di ààbò. Bí a bá ń ka ètò ààbò ìlú kan, ó yẹ kí a máa béèrè irú ènìyàn tí ètò náà ń lé jáde, nítorí òye àti agbára wọn kì í ṣègbé. Ibòmíràn ni wọ́n máa ń gbé e lọ.

Láti Ìdáàbòbò sí Ìgbàlú, 1861

Campbell kú ní 1859. Ní 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì wọ̀ ọ́; ọ̀nà ọjà dí, epo pupa kò sì sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Lord John Russell fi àṣẹ ránṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 1861 pé kí wọ́n gba Èkó. Ìdí tí ó kọ sílẹ̀ ni pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílò rẹ̀ láti pa òwò ẹrú run pátápátá, láti gbe òwò tí ó tọ́ lẹ́yìn, àti láti dènà Dàhòmì.

Àwọn ìdí wọ̀nyí yẹ fún àkíyèsí. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, irú wọn kan náà ni wọ́n fi fọ́ ìlú. Bí wọ́n bá ṣì wúlò ní 1861, a jẹ́ pé ètò 1852 kò ṣe ohun tí wọ́n ní yóò ṣe. Dípò kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ka àìdára ètò náà sí ìdí láti tún ọ̀nà rẹ̀ yẹ̀ wò, ó kà á sí ìdí láti gba ohun tí ó kù.

Ní ìparí oṣù Keje, William McCoskry tí ń ṣe adelé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti Bedingfield ọ̀gá ọkọ̀ ogun Prometheus, pe Dòsùnmú wọ inú ọkọ̀ náà, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kọ̀. Ọkọ̀ ogun dúró sí ọ̀sà tí ẹnu àgbá rẹ̀ kọjú sí ìlú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi orúkọ ọba sílẹ̀ fún un, wọ́n jẹ́ kí ó máa parí ẹjọ́ àwọn ọmọ ìlú tí ó bá fẹ́ gbé e wá bá a, wọ́n sì ṣètò owó ọdọọdún tí ó jẹ́ àpò owó ẹyọ 1,200 fún un. Láìpẹ́, ọba àti àwọn ìjòyè kọ̀wé ẹ̀hónú pé ìfipá ni. Kò yí ohunkóhun padà.

Ọba tí wọ́n fi àgbá gbé gorí oyè kò ní ohun tí yóò fi kọ̀ nígbà tí àgbá kan náà yíjú sí i. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ní 1862, Gómìnà H. S. Freeman ṣe ohun kan tí ó tún fi ọgbọ́n 1854 hàn: ó jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà wá sí Èkó pẹ̀lú owó ìtọ́jú £400 lọ́dún. Òṣódì Tápà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ padà pẹ̀lú, wọ́n sì tẹ àdúgbò tí a mọ̀ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó. Kòsọ́kọ́ kò tún jagun mọ́ títí ó fi kú ní 1872. Ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ ogun lé lọ padà wá di ará àdúgbò.

Àwọn Haúsá Glover

Ìlú tí ó ti di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílò ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. John Glover, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tí ó ti bá ìrìn àjò odò Ọya lọ ní 1857, ni ó sọ ẹgbẹ́ náà di ohun ńlá. Àwọn tí ó kó jọ jẹ́ Haúsá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ní àárín ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá dé Èkó di òmìnira. Ẹni tí ó bá gba ìbọn di ṣọ́jà.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí ṣe kedere. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò ní ẹbí ní Èkó, wọn kò sí nínú ìjà ilé Akítóyè àti ilé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì mọ̀ pé bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ṣubú, oko ẹrú ni wọn yóò padà sí. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tí ó lè jẹ́ olóòótọ́ sí gómìnà jù wọ́n lọ. Kò sì yẹ kí a gbójú fo ohun tí ó jẹ́ fún àwọn fúnra wọn: ẹni tí wọ́n ti tà lọ́jà wá di ẹni tí ń gba owó oṣù tí ó sì ń fi orí ara rẹ̀ gbéra.

Ṣùgbọ́n ìdí kan náà tí ó mú ẹgbẹ́ náà lágbára ni ó mú kí àyíká Èkó gbóná. Ní Abẹ́òkúta, ní Ìjẹ̀bú àti ní Ìbàdàn, ẹrú ni àwọn olóyè fi ń dáko, òun ni wọ́n fi ń ru ẹrù, òun náà ni wọ́n fi ń jagun. Ìlú kan tí ó gba ẹrú wọn tí ó tún gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí ọ̀tá lójú wọn. Gbogbo ìlérí àlàáfíà tí gómìnà bá ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n ń fi ojú yìí wò. Kì í ṣe pé ó yẹ kí Glover dá àwọn ènìyàn padà sí oko ẹrú. Àìda ni ì bá jẹ́. Kókó ibẹ̀ ni pé ìjọba rẹ̀ kò ní ètò kankan tí ó lè fi bá àwọn aládùúgbò sọ ọ̀rọ̀ náà yanjú, nítorí náà ohun tí ó tọ́ pàápàá di okùnfà ogun.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, Glover rán ọmọ ogun lọ, wọ́n sì tú ibùdó Ẹ̀gbá ká. Ó fẹ́ kí ọ̀nà Rẹ́mọ sí Ìbàdàn ṣí. Àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1851, tí ìgbèjà wọn sì wà lára ìdí tí wọ́n fi fọ́ Èkó, kò gbàgbé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé. Ọ̀pọ̀ Kristẹni Ẹ̀gbá sá wá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún, ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní àwọn wá dáàbò bò ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lójú.

Ní Lọ́ńdọ̀nù náà, ọkàn àwọn kan ti ń ṣiyèméjì. Ní 1865, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin dámọ̀ràn pé kí ìjọba má ṣe fẹ ààlà rẹ̀ sí i ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ́, wọ́n sì fi Èkó sábẹ́ Sierra Leone ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ìmọ̀ràn ìwé ni èyí. Lórí ilẹ̀, ìjà ọ̀nà ọjà kò dáwọ́ dúró títí wọ́n fi mú Glover kúrò ní 1872, ọdún kan náà tí Kòsọ́kọ́ kú.

Ohun Tí Ó Kù Nílẹ̀

Èso ètò yìí pẹ́ ju àwọn tí ó gbìn ín lọ. Ẹgbẹ́ Haúsá tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ṣọ́ Èkó bá Glover lọ sí ogun Aṣáńtì ní 1873 sí 1874. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí Gómìnà Carter rán lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn. Láti inú ẹgbẹ́ yìí ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́pàá. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n yàn nítorí pé kò bá àwọn ará ìlú tan: ìlànà yìí kò pẹ́ di àṣà ìjọba amúnisìn. Ìjìnnà tí ó wà láàárín aṣọ ìjọba àti ará àdúgbò ní Nàìjíríà ní gbòǹgbò púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn wà níhìn-ín.

Ìwé 1861 náà kò sùn. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, gbé ẹjọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé bí Dòsùnmú tilẹ̀ fi ìlú fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn kò kú. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ilé ẹjọ́ àwọn tí ó gba ìlú sọ díẹ̀ nínú ohun tí àwọn ìjòyè ti sọ.

Ìgúnlẹ̀

A kò lè sọ pé ìdásí 1851 kò mú ire kankan wá. Òwò ẹrú láti etíkun Èkó, tí ó ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó burú jù lọ ní gbogbo ìhà yìí, lọ sílẹ̀, ó sì kú. Ẹni tí ó bá kọ èyí sílẹ̀ ń parọ́ fún àwọn tí ìbá ti wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n pípa òwò burúkú kan rẹ́ yàtọ̀ sí kíkọ́ ìlú tí ó dúró.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ogún ọdún yìí fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́, ààbò tí ó wà fún ohun ìní àjèjì nìkan kò lè pẹ́ di ààbò ìlú. Èkejì, ọba tàbí ìjọba tí agbára òde bá gbé kalẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn ará ilé fohùn sí i yóò máa nílò agbára òde náà títí, títí agbára náà yóò fi rò pé òun lè ṣe é fúnra òun. Ẹ̀kẹta, ẹni tí a ṣẹ́gun wà lára ìlú. Ní 1854 àti ní 1862, nígbà tí wọ́n jókòó pẹ̀lú Kòsọ́kọ́, Èkó sinmi. Àdúgbò Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ṣì wà ní Èkó, kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànràn, àwọn ọmọ ẹni tí ó yìnbọn fún ìhà kan àti ti ẹni tí ó yìnbọn fún ìhà kejì sì ń ná ọjà kan náà.